Orúnkún Tàjùdéèn

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Tàjùdéèn wà lórí itan Evelyn, àtàǹpàkò ọwọ́ Evelyn méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun róbótó ojú orúnkún rẹ̀, nígbà tí Màmá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tó sì ké bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀.

"Yéè! Evelyn! Lórí itan rẹ kẹ̀?"

Ọkùnrin náà fẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Evelyn dì í mú gírígírí.

"Jókòó jẹ́ẹ́," ló wí fún un. Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń dùn ún kó tó lọ sáré ni."

"Àwọn tó ń lọ pọnmi ń kọjá o! Ọmọ Tíṣà Oyètúndé jókòó sórí ẹní ní kùtùkùtù, ó gbẹ́sẹ̀ ọkùnrin lé itan. Ṣé torí èyí lo ṣe wọkọ̀ òkun lọ sílùú òyìnbó?"

"Torí rẹ̀ gan-an ni, mà."

Màmá pòṣé. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ tó gùn bí òpó náà, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà. Láti ìta ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé ìdáná, níbi tó ti ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀.

Evelyn tún fi ọwọ́ tẹ ibi tí ìrora náà máa ń fi ṣe ilé. Ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ojú Tàjùdéèn ló ń wò, kì í ṣe orúnkún rẹ̀, torí ẹnu asáré lè parọ́ láàárọ̀ ọjọ́ eré, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú kò mọ irọ́ pa.

"Dìde. Fẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró, kí o rọra bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó."

Tàjùdéèn dìde. Ó bẹ̀rẹ̀. Itan rẹ̀ le bí igi ayín, orúnkún náà kò gbọ̀n, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó gòkè padà, ẹ̀rín sì ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò dùn mí, Àǹtí. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo ti rí i. Má fi Ọlọ́run búra lórí orúnkún."

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1962 lọjọ́ náà. Nàìjíríà pé ọdún méjì tó gbòmìnira, Ọ̀fà sì fẹ́ sáré. Láti ìdíkọ̀ rélùwéè ni wọn yóò ti gbéra, wọn yóò sáré dé ọjà Ìjàgbó, wọn yóò sì sáré padà. Ẹni tó bá gbapò kìn-ín-ní ni wọn yóò mú lọ sí Kàdúná láti bá àwọn asáré ilẹ̀ Àríwá yòókù figagbága. Nínú eré ti ọdún tó kọjá, Tàjùdéèn Àkànbí ló ń ṣíwájú bọ̀ láti Ìjàgbó títí wọ́n fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò. Ibẹ̀ ni orúnkún ti kọ̀ fún un. Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó di orúnkún mú, àwọn tó ti fi sílẹ̀ sẹ́yìn sì ń kọjá lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òṣìṣẹ́ ojú irin ni. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa rìn lórí àwọn igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin rélùwéè, wọn á máa dè é níbi tó bá ti tú, wọn á máa ru igi tuntun, wọn á máa kó òkúta. Ṣùgbọ́n kó tó débi iṣẹ́ yìí rárá, bó bá ti kírun àárọ̀ tán, yóò ti sáré dé Ìjàgbó, yóò ti sáré bọ̀. Bó bá sì tibi iṣẹ́ dé, yóò tún sáré. Lójú tirẹ̀, bí àdá lẹsẹ̀ rí: bí èèyàn bá ṣe ń pọ́n ọn tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe mú tó. Kò rò ó pé àdá tí a bá ń pọ́n láìdáwọ́ dúró, orí òkúta ni yóò tán sí.

Wọ́n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó orúnkún náà fún un. Wọ́n fi òrí pa á. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì. Gbogbo rẹ̀ ló ń dẹ̀ ẹ́ lára fúngbà díẹ̀, bó bá sì ti dẹ̀ ẹ́ lára báyìí, Tàjùdéèn á tún ki eré mọ́lẹ̀. Nígbà tó di pé kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé òkúta mọ́, Sàláwù, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àkànbí, ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ ojú irin. Mò ń fẹ́ ọ lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè mi kò mọ̀ ọ́. Ọmọ Tíṣà tó kọ́ mi níwèé ti ìlú òyìnbó dé. Lọ bá a, bóyá yóò rí nǹkan ṣe sí i."

Bí Tàjùdéèn ṣe dé ẹ̀yìnkùlé Tíṣà Oyètúndé nìyẹn, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, oṣù bíi mélòó kan ṣáájú eré. Abẹ́rẹ́ ló ń retí. Ṣùgbọ́n téèpù tí Màmá fi ń wọn aṣọ ni Evelyn mú jáde. Ó wọn itan òsì, ó wọn itan ọ̀tún, ó sì gbé téèpù náà fún un kó fojú ara rẹ̀ rí i. Itan ọ̀tún ti fọn.

"Orúnkún ló ń dùn ọ́," Evelyn wí, "ṣùgbọ́n itan ló ti sùn. Iṣan itan yìí ló yẹ kó máa gba orúnkún lẹ́rù. Nígbà tí orúnkún ń dùn ọ́, itan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ sílẹ̀. Bí itan ṣe yẹ iṣẹ́ sílẹ̀, orúnkún nìkan ló wá ń rù ú. O kò sì jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn sinmi."

"Kí ni oògùn rẹ̀, Àǹtí?"

"Iṣẹ́ díẹ̀ fún itan. Ìsinmi fún orúnkún. Sùúrù fún ìwọ alára."

Ó gán àpò ìyẹ̀fun kan ní kékeré, ó kó iyanrìn odò sínú rẹ̀, ó dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Tàjùdéèn. Ó ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gíga, kó máa na ẹsẹ̀ náà tí yóò fi tọ́, kó dá a dúró síbẹ̀, kó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Eré di èèwọ̀. Lójoojúmọ́ tó bá ti tibi iṣẹ́ dé, níbi tí Sàláwù ti fún un níṣẹ́ fífúyẹ́ ṣe, ọkùnrin tí gbogbo ìlú mọ̀ sí asáré á jókòó sẹ́yìnkùlé, á máa fẹsẹ̀ gbé iyanrìn. Àwọn èèyàn ń yọjú lókè ògiri. "Ẹ wá wo ẹni tó ń sáré lórí bẹ́ǹṣì o!" Àwọn ọmọdé fi kọrin.

Ìgbà kan wà tí ṣẹ̀fẹ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ara rẹ̀ ti ń yá nígbà náà, ó sì jí lọ sáré dé Ìjàgbó. Lọ́jọ́ kejì, ó tiro wọlé, kò lè wojú Evelyn. Èébú ló ń retí. Evelyn kàn tú ẹnu àpò náà, ó da ìdajì iyanrìn rẹ̀ sílẹ̀, ó tún un dì.

"Ó yá," ló wí. "A tún bẹ̀rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, Tàjùdéèn kò jí nǹkan kan ṣe mọ́. Iyanrìn inú àpò ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ó kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó ń gun àpótí, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń rìn, lẹ́yìn ìrìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀ lórí koríko pápá ilé-ìwé, ọjọ́ eré kan, ọjọ́ ìsinmi kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Evelyn kò pa òwe náà fún un rí, ṣùgbọ́n nígbà tó tún wọn itan méjèèjì, tí téèpù kò rí ìyàtọ̀ sí láàárín wọn mọ́, ọkàn òun fúnra rẹ̀ ni òwe náà bọ́ sí.

Torí òun náà wà lẹ́nu sùúrù. Bàbá ti sọ fún gbogbo Ọ̀fà pé dókítà ni ọmọ òun lọ kọ́. Ní ọdún kejì tí Evelyn dé ọ̀hún, ó rí obìnrin kan tó ń kọ́ sójà kan bí yóò ṣe tún máa rìn, láìsí ọ̀bẹ, láìsí abẹ́rẹ́, ọwọ́ lásán àti ọgbọ́n ara. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó yí iṣẹ́ padà, ó sì kọ́ ọ yanjú. Àmọ́ iṣẹ́ náà kò lórúkọ ní Ọ̀fà. Àwọn kan ń pè é ní nọ́ọ̀sì. Àwọn kan ní afọwọ́para ni. Bàbá ní tirẹ̀ kò pè é ní nǹkan kan. Láti ìgbà tó ti dé, tó ń dúró de ìgbà tí yóò wọṣẹ́ nílé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, Bàbá kò tíì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí lo kọ́ bọ̀.

Láàárọ̀ yìí náà, Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn nígbà tí Evelyn ń jáde lọ.

"Bàbá, ẹ ò ní wá wo eré, sà?"

"Oòrùn ti mú jù," ni Bàbá wí.

Oòrùn kò tíì yọ.

Ìdíkọ̀ rélùwéè ti kún. Àwọn kan gun orí òkìtì èédú, àwọn kan gbọ́mọ lé èjìká. Wọ́n ní kí "Nọ́ọ̀sì Oyètúndé" wá jókòó sínú lọ́rì àwọn adájọ́ eré pẹ̀lú àpótí oògùn, kó lè tọ́jú ẹni tó bá ṣubú. Àlàyé ti sú Evelyn. Ó gun lọ́rì. Sàláwù ti wà níbẹ̀, ó wọ bùbá funfun, ó di pákó ẹ̀gbẹ́ lọ́rì mú bí ẹni pé òun gan-an ló fẹ́ sáré.

"Ẹ káàárọ̀, ọmọ ọ̀gá mi. Ẹsẹ̀ náà ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ti ṣe tirẹ̀, sà. Ó ku orí."

Ọ̀gá ìdíkọ̀ fọn fèrè. Àwọn asáré tú jáde bí ẹyẹ ẹ̀gà, ìlú sì hó yèè. Olúṣèyí, ọlọ́pàá gíga kan tí ìjọba gbé wá sí Ọ̀fà, ẹni tó gbapò kìn-ín-ní lọ́dún tó kọjá, bọ́ síwájú lójú ẹsẹ̀. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn, ó dára á wò. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni àgbẹ̀ kúkúrú kan láti Ẹ̀rìn-Ilé, Olúṣẹ̀yẹ lorúkọ rẹ̀. Tàjùdéèn wà ní ipò kẹta, ó rọra ń bọ̀, ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni ń lọ kí àna.

"Kí ló dé tó ń sùn?" Sàláwù bèèrè.

"Kò sùn, sà. Ó ń ṣọ́ owó ọjà rẹ̀ ná."

Lọ́rì ń fẹ eruku díẹ̀ lẹ́yìn wọn. Òjò alẹ́ àná ti jẹ́ kí ilẹ̀ pupa náà dì. Oko àgbàdo tí wọ́n ti ṣẹ́ wà lọ́tùn-ún, ebè iṣu wà lósì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí odò, wọ́n gòkè, wọ́n dé Ìjàgbó. Gbogbo ọjà ló dìde. Wọ́n ń lu agolo, wọ́n ń bu omi lé àwọn asáré lórí. Olúṣèyí yí ìdí igi tí wọ́n fi ṣe àmì po, ó kọrí sílé. Nígbà tí wọ́n fi jáde nílùú, Tàjùdéèn ti kọjá Olúṣẹ̀yẹ. Kò pẹ́, òun àti Olúṣèyí ń lọ ní ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, èjìká kan èjìká. Sàláwù ń fọwọ́ gbá pákó lọ́rì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Wọ́n wá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà.

Olúṣèyí na ẹsẹ̀, ó fò sọ̀ kalẹ̀ bí òkúta tí wọ́n yí. Tàjùdéèn kò tẹ̀ lé e. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú lójijì, ó di wẹ́wẹ́, bí ti ẹni tó ń rìn nínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àlàfo là láàárín wọn. Olúṣẹ̀yẹ náà dé láti ẹ̀yìn, ó sì kọjá lára rẹ̀ fíì.

"Orúnkún ti dé o!" ẹnìkan ké lẹ́bàá ọ̀nà. "Ibi tó ti dá a dúró lọ́dún tó kọjá náà ni!"

"Mo mọ̀," ni Sàláwù wí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Háà, mo mọ̀. Iyanrìn, iyanrìn. Ta ló ń fi iyanrìn wo ẹsẹ̀ sàn?"

Evelyn mọ ìṣísẹ̀ náà. Òun ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lórí pápá ilé-ìwé, ó ti sọ fún un pé bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kó má na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni ń fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀kùn, kó ké ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, kó sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá kọjá. "Kí wọ́n kọjá kẹ̀, Àǹtí?" "Jẹ́ kí wọ́n lọ. Ìsàlẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa parí sí. Òkè ń dúró de gbogbo yín lẹ́yìn rẹ̀." Ó sọ ọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ń dùn náà a máa ké ìṣísẹ̀ kúrú. Láti ẹ̀yìn, nínú lọ́rì, báwo lèèyàn ṣe lè mọ ọgbọ́n yàtọ̀ sí ìrora? Bó bá jẹ́ ìrora ni, tí òun sì dákẹ́, ẹsẹ̀ náà lè bàjẹ́ pátápátá. Bó bá sì jẹ́ ọgbọ́n, tí òun sì ké sí i pé kó dúró, òun fúnra òun ló pa eré rẹ̀.

Kò ké sí i. Ó mú ojú kúrò lára èrò, ó mú etí kúrò nínú ariwo Sàláwù, ó sì wo ohun tó kọ́ láti máa wò. Nígbà tí orúnkún yìí ń dun Tàjùdéèn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ máa ń yà síta, èjìká ọ̀tún á sì rẹlẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ náà. Ó tẹlẹ̀. Ó tún tẹlẹ̀. Ọmọ ìka dojú kọ iwájú gán-ún. Èjìká méjèèjì dọ́gba bí èyí tí wọ́n fi okùn wọ̀n.

"Kò dùn ún," Evelyn wí.

"Kí lẹ wí?"

"Kò dùn ún, sà! Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń tàn jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dókè."

Sàláwù wò ó, ó wo ojú ọ̀nà. "Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin," ló wí nísàlẹ̀ ohùn, bí ẹni ń gbàdúrà.

Wọ́n gba orí afárá odò kọjá, òkè sì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé Tíṣà láti ìgbà òjò ti wá hàn síta. Tàjùdéèn tẹ orí rẹ̀ ba díẹ̀, itan rẹ̀ méjèèjì sì gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀. Wọ́n ń gbé e. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣòfò nínú wọn. Ó bá Olúṣẹ̀yẹ níbi tí òkè ti le jù. Ọkùnrin Ẹ̀rìn-Ilé náà gbọ́ mímí rẹ̀ lẹ́yìn, ó yà fún un, ó sì nawọ́ síwájú.

"Máa lọ! Ó ti ń rẹ̀ ẹ́!"

Lóòótọ́ ló ń rẹ Olúṣèyí. Fífò tó fò sọ̀ kalẹ̀ ti gba itan rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn ń gbọ̀n báyìí ní gbogbo ìgbà tó bá kanlẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ohun tí ẹ̀rù máa ń mú asáré ṣe nìyẹn. Ó tún bojú wẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó rí lẹ́yìn rẹ̀, torí Tàjùdéèn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kọjá, ó ti ń lọ.

Ariwo tó sọ ní ìdíkọ̀ rélùwéè lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ. Lọ́rì kò lè kọjá mọ́ nínú èrò. Evelyn fò bọ́ sílẹ̀, ó ń fèjìká lànà. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kan kó tó rí ẹni tó ni ín. Ohùn obìnrin ni, ó ga ju ti gbogbo èèyàn lọ, ó ti há.

"Àkànbí! Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín! Ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀! Ìjàkadì lorò yín, ta ló ní eré ẹsẹ̀ kì í ṣe ti yín! Sáré wálé, Àkànbí, ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀!"

Màmá ni. Gèlè rẹ̀ ti ṣí sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, omijé ń dà lójú rẹ̀. Tàjùdéèn sì gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó já okùn òpin eré, ó gba ipò kìn-ín-ní, láìsí ẹnìkan nítòsí rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin fẹ́ gbé e lé èjìká. Ó kọ̀. "Ẹ jẹ́ n fẹsẹ̀ mi dúró," ló ń wí, "ẹ jẹ́ n fẹsẹ̀ mi dúró." Ó ń wá ẹnìkan nínú èrò, nígbà tó sì rí i, ó rìn lọ bá a, ó dúró níwájú rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tún fò lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

"Dìde, jọ̀ọ́," Evelyn wí. Ẹkún àti ẹ̀rín ń du ẹnu rẹ̀. "Òógùn rẹ yóò tutù mọ́ ọ lára. Máa rìn kiri, má jókòó."

Ẹni tó ń fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ ti dé. "Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì wa náà o!"

"Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì," ni Tàjùdéèn wí, gbohùngbohùn sì gbé ohùn rẹ̀ lọ jákèjádò ibẹ̀. Ó fọwọ́ kan itan rẹ̀. "Àwọn ni wọ́n kọ́ ẹsẹ̀ mi níṣẹ́ rẹ̀."

Sàláwù di ọwọ́ Evelyn mú, ó ń jù ú sókè sódò, bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Olúṣèyí náà wá nígbà tí èrò ń túká. Ó ṣí fìlà asáré rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan wà nítòsí.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ojúgun mi yìí. Ó ti ń jó mi bí iná láti ìgbà pípẹ́, mi ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni."

"Má sáré lọ́la," Evelyn wí. "Wá sílé wa. Gba ẹ̀yìnkùlé wọlé."

"Ta ló ní kó gba ẹ̀yìnkùlé?" Màmá ti dé, ó ti ń tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí o gbà, ọmọ mi. Kí gbogbo ayé rí i pé o wá." Ó yí padà sí àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Itan ni Evelyn, Àrìnpé mi, kọ́kọ́ wọ̀n, ẹ gbọ́? Gbogbo wọn ń sọ orúnkún, orúnkún. Ọmọ mi ní rárá o, itan ni."

Evelyn fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó ṣáájú wọn lọ sílé. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Lójú ọ̀nà, àwọn tó ń kí i kò mọ ohun tí wọn yóò pè é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọjá láìkí i.

Bàbá ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ká ìwé ìròyìn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo gbọ́ ariwo," ló wí. "Àkànbí ló gbapò kìn-ín-ní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Yóò lọ sí Kàdúná."

"Ó dára. Ó dára gan-an ni." Evelyn kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fẹ́ wọlé lọ bu omi mu, ṣùgbọ́n Bàbá ṣì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àwọn tó kọjá ń sọ pé ìwọ lo ní ibi tó ń dùn ún kọ́ ni àìsàn wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nígbà mìíràn, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀."

Bàbá wo ojú títì. Adìyẹ kan gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ń pẹ́ é. Ọwọ́ òsì ni Evelyn rí i pé ó fi ń tú u.

"Apá ọ̀tún yìí," ni Bàbá wí. "Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni kò ti gòkè mọ́. Mi ò lè fi kọ nǹkan sójú pátákó. Mi ò lè nà án kí àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò lè dìde tẹ́wọ́ gbà ọ́ níjọ́ tí o dé." Ó tú bọ́tìnnì tó kù. "Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Mo rò ó pé ọjọ́ ogbó ló dé, ọjọ́ ogbó kì í sì í ṣe ohun tí à ń wí fọ́mọ."

Evelyn dúró síbẹ̀. Ọjọ́ tó dé láti ìlú òyìnbó ń padà bọ̀ sí i lójú: ọkọ̀ ojú irin tó dúró, Màmá tó sáré bọ̀, àti Bàbá tó dúró gán-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò agbádá, tí kò yọ ọ́. Ó ti gbé ọwọ́ tí kò jáde nínú àpò yẹn lọ́kàn kiri láti ìgbà náà. Ó ti sọ ọ́ di ìtìjú. Ó ti sọ ọ́ di ìbínú. Kò bi í léèrè rí.

Ó fa àpótí sún mọ́ àga bàbá rẹ̀, ó jókòó, ó fi ọwọ́ kan sẹ́yìn èjìká náà, ó fi ìkejì síwájú rẹ̀.

"Ẹ rọra máa gbé e, sà. Bó bá ti dé ibi tó ń dùn yín, ẹ dúró, kí ẹ sọ fún mi."

Apá náà gbéra. Ó kúrò lórí itan, ó kọjá ìbàdí, ó dé gíga àyà, ó sì dúró.

"Ó ń dùn mí níbí," ni Bàbá wí, jẹ́jẹ́, bí ọmọ ilé-ìwé tó dìde dáhùn nínú kíláàsì.